Lórí Ilẹ̀ Saint Helena, Láàárín Agbami Òkun Àtìláńtíìkì

Ọjọ́bọ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ẹni tó ń ṣọ́nà ti rí erékùṣù náà níwájú wa, tó dúdú, tó ga, tó sì dà bí ẹni pé kò sí ibi kankan tí ènìyàn lè gbà wọ inú rẹ̀. Láti Cape Town ni a ti ṣíkọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn sì ni ó ń ti ìgbòkun wa láti ẹ̀yìn ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀nà náà. Afẹ́fẹ́ yìí kì í sábà dáwọ́ dúró ní apá ibẹ̀ nínú òkun, òun kan náà ni ó sì ń gbé àwọn ọkọ̀ onígbòkun tó ń ti Íńdíà àti Ṣáínà bọ̀ kọjá níhìn-ín láyé àtijọ́. Saint Helena jìnnà tó nǹkan bí 1,900 kìlómítà sí etíkun Áfíríkà, gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 122 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Òkè ayọnáyèéfín tó ti kú ni, láti ìsàlẹ̀ òkun ni ó ti yọrí jáde, ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ fi jẹ́ kìkì òkúta gíga tó já wálẹ̀ ṣánṣán sínú omi.

Ọ̀gá ọkọ̀ wa bá àwọn aláṣẹ èbúté sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n sì ní kí a so ọkọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbá tó léfòó sórí omi ní James Bay, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́ ìsàlẹ̀ òkun. Ọkọ̀ kékeré kan ni ó máa ń wá kó àwọn àlejò láti inú ọkọ̀ wọn lọ sí àtẹ̀gùn èbúté, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìdíkọ̀ yìí. Kò sí ohun tó dí ìgbì òkun lọ́wọ́ níbẹ̀. Bí ó ti ń gbé ọkọ̀ sókè ni ó ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi okùn kọ́ sára irin lókè àtẹ̀gùn náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ yóò di okùn mú, yóò dúró de ìgbà tí ìgbì bá gbé ọkọ̀ dé òkè pátápátá, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé òkúta. Ní oṣù Kejì ọdún 1846, ìgbì ńlá kan dìde níbí yìí, ó sì fọ́ ọkọ̀ 13 túútúú. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Oṣù Kejì náà ni àwa náà dé, nítorí náà ọ̀gá wa pàṣẹ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn tí àwọn aṣọ́bodè ti wo ìwé ìrìnnà wa, tí wọ́n sì ti rí i pé a ní ìwé adójútòfò ìlera, a gba ẹnubodè olókùúta wọ Jamestown. Ìlú yìí kò fẹ̀. Ó há sáàárín òkè gíga méjì, ilé sì tò lọ láti etí omi wọ inú àfonífojì náà. Ọdún 1659 ni Ilé-iṣẹ́ East India ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn ará Pọtogí tó kọ́kọ́ rí erékùṣù náà ní 1502, lábẹ́ ọ̀gá wọn João da Nova, kò bá ẹ̀dá ènìyàn kankan níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ibẹ̀ ni Fernão Lopes, sójà Pọtogí kan tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ gé imú àti etí rẹ̀ ní Goa, ní ilẹ̀ Íńdíà, nítorí pé ó lọ darapọ̀ mọ́ ọ̀tá wọn, tí ó sì yàn láti máa dá gbé lórí erékùṣù yìí ju kí ó fi ojú bẹ́ẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fi sọ́kàn kí n tó gúnlẹ̀ nìyí: kò sí ènìyàn kankan lórí ilẹ̀ yìí tó lè sọ pé ibẹ̀ ni baba ńlá òun ti ṣẹ̀. Ọkọ̀ ni ó gbé gbogbo wọn wá, àwọn kan wá fúnra wọn, wọ́n sì fi ipá mú àwọn mìíràn wá. Mo fẹ́ mọ ẹni tó wá, ọ̀nà tó gbà wá, àti bí ilẹ̀ náà ti ṣe ń rántí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì

Àkàsọ̀ Jákọ́bù ni a dojú kọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Àtẹ̀gùn 699 ni, ó sì lọ ní ìlà tààrà láti ìsàlẹ̀ ìlú dé orí Ladder Hill, ní gíga nǹkan bí 180 mítà. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní 1829, kì í ṣe ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ojú irin ni wọ́n tẹ́ sí i, tí wọ́n fi ń fa ẹrù gòkè lọ fún àwọn sójà tó wà nínú odi, tí wọ́n sì ń fi kó ìgbẹ́ ẹran láti inú ìlú lọ sí oko. Nígbà tó di 1871, ikán ti ba igi tó wà lábẹ́ ojú irin náà jẹ́, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó wá ku àtẹ̀gùn nìkan. Mo ní kí ẹni tó ń ka èyí fi ọ̀rọ̀ ikán yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà dé orí rẹ̀.

Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ga ju ti inú ilé lọ, kò sì sí ibi tí ó ti yà sọ́tùn-ún tàbí sósì kí ènìyàn lè fi ojú tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹsẹ̀ tó ti wà lórí omi fún ìgbà pípẹ́ kì í tètè bá ilẹ̀ mu: orí ṣì ń yí, orúnkún sì ń gbọ̀n. A sinmi lójú ọ̀nà, a jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú tó ń sáré gòkè kọjá lára wa. Wọ́n ní láyé àtijọ́, bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ń sọ̀kalẹ̀, wọn kì í tẹ àtẹ̀gùn rárá. Wọ́n á na ara wọn gbalaja lórí irin méjèèjì, èjìká lórí ọ̀kan, ẹsẹ̀ lórí èkejì, wọ́n á sì yọ̀ wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀.

Láti òkè, a rí gbogbo James Bay àti ọkọ̀ wa tó kéré láàárín omi. Àwọn ìbọn àgbá àtijọ́ ṣì wà lórí odi, tí wọ́n kọjú sí òkun. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun rìn kò lè dúró síbẹ̀ kí ó má rántí Joshua Slocum, ẹni àkọ́kọ́ tó dá nìkan tukọ̀ yí ayé ká, tó dúró níbí ní 1898. Ẹnì kan fún un ní ewúrẹ́ kí ó máa gbé e lọ nínú ọkọ̀, ewúrẹ́ náà sì jẹ àwòrán òkun tó fẹ́ fi wá ọ̀nà rẹ̀ ní erékùṣù Kàríbíánì, ó tún jẹ fìlà rẹ̀. Erékùṣù Ascension ni ó gbé e sọ̀ sí nígbẹ̀yìn. Ewúrẹ́ ti ṣe ibi púpọ̀ ju ìyẹn lọ lórí Saint Helena fúnra rẹ̀, bí a ti rí i lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

A háyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ erékùṣù náà. Ojú ọ̀nà tóóró, ó sì ń lọ́ sọ́tùn-ún sósì ní etí ọ̀gbun, ọkọ̀ méjì kò sì lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọkọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ yà fún èyí tó ń gòkè. Kò sí ọkọ̀ tí a pàdé tí bàbá kò juwọ́ sí, kò sì sí èyí tí kò juwọ́ padà. Mo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n mọ gbogbo wọn ni, wọ́n ní àwọn mọ púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n pé ẹni tí a kò mọ̀ pàápàá, ènìyàn ṣáà ni, ó yẹ ní kíkí. Àwọn ènìyàn tó ń gbé gbogbo erékùṣù náà kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Bàbá sọ fún wa pé nínú ẹbí àwọn nìkan, ẹ̀jẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹrú wà níbẹ̀, ti àwọn ará Ṣáínà tó wá ṣiṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀.

Ibi tí gbogbo àlejò ń béèrè ni a kọ́kọ́ dé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1815 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Napoleon, olú-ọba ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ti ṣẹ́gun, wá sí ibí kí ó má baà tún sá lọ mọ́. Ó kọ́kọ́ gbé ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Briars, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé Longwood, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ kíkankíkan, tí ìkùukùu sì máa ń bo ilẹ̀. Ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 1821 ni ó kú níbẹ̀. Ìjọba Faransé ni ó ni ilé náà àti ilẹ̀ ibojì rẹ̀ láti 1858 wá, wọ́n sì ń tọ́jú wọn dáadáa. Òdòdó wà nínú ọgbà, yàrá wà ní títò, a sì rí ihò tó wà lára ìlẹ̀kùn fèrèsé, èyí tí wọ́n ní ó ń gbà yọjú wo àwọn sójà tó ń ṣọ́ ọ.

Ibojì náà wà nínú àfonífojì kan tí igi bò, ọ̀nà koríko ni a sì gbà sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Òkúta pẹrẹsẹ kan ni, irin yí i ká, kò sì sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ìjà orúkọ ni ó fà á: àwọn Faransé tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kọ “Napoléon” nìkan, bí a ti ń kọ orúkọ ọba, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì sì fi dandan lé e pé “Bonaparte” gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹnì kankan kò gbà fún ẹnì kejì, wọ́n fi òkúta náà sílẹ̀ lásán. Ibojì náà ṣófo báyìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1840 ni ọkọ̀ ogun Faransé kan wá gbé òkú rẹ̀ lọ sí Paris pẹ̀lú ẹ̀yẹ ńlá.

Lórí pápá Deadwood, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó àwọn ará Boer, àwọn aláwọ̀ funfun Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n mú lójú ogun, pamọ́ ní 1900 sí 1902, a rí ẹyẹ wirebird mélòó kan tí wọ́n ń sáré lórí koríko lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí a ti lè rí ẹyẹ yìí. Lẹ́yìn náà ni bàbá wà wá lọ sí Plantation House, ilé tí gómìnà ń gbé, níbi tí ìjàpá ńlá Jonathan ti ń jẹ koríko. Láti erékùṣù Seychelles ni wọ́n ti gbé e wá ní 1882, nígbà tó ti dàgbà tán, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi fojú bù ú pé nǹkan bí 1832 ni wọ́n pa á. Kò ríran mọ́, kò sì gbóòórùn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ràn, ọwọ́ sì ni olùtọ́jú rẹ̀ fi ń bọ́ ọ. Mo wò ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹranko yìí dé, àwọn tó rántí Napoleon pẹ̀lú ojú ara wọn lè ṣì wà láàyè ní Jamestown.

Ọjọ́ Àìkú

Ìsinmi. Ṣọ́ọ̀bù kò ṣí. Àwọn kan nínú wa lọ sí ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì St James, tí wọ́n kọ́ ní 1774, èmi sì wà nínú ọkọ̀ láti ṣọ́ okùn. Lọ́sàn-án ni mo wẹ̀ lọ wo ọkọ̀ Papanui, tí iná jó ní 1911 nígbà tó ń gbé àwọn tó ń ṣí lọ sí Ọsirélíà, tó sì rì sí James Bay. Òpó ìtọ́kọ̀ rẹ̀ ṣì yọrí sókè lórí omi títí di òní, ẹja sì ti sọ egungun irin rẹ̀ di ilé.

Ọjọ́ Ajé

A fi Ọjọ́ Ajé gun Diana's Peak, òkè tó ga jù lọ ní erékùṣù náà, tó tó nǹkan bí 820 mítà. Ohun ìyanu ni bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà lójú ọ̀nà. Létí òkun, òkúta gbígbẹ àti igi ẹlẹ́gùn-ún ni. Ní àárín, pápá koríko tútù àti màlúù. Lókè pátápátá, ìkùukùu bo ohun gbogbo, igi kún fún èéhọ̀n, omi sì ń kán láti orí ewé kọ̀ọ̀kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò rọ̀. Bí afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn ti ń gbé ọ̀rinrin òkun kọlu òkè náà ni àwọn ewé ń mú omi nínú rẹ̀, tí omi náà sì ń sun wọ inú ilẹ̀, tí ó ń di orísun. Igbó tó wà lórí òkè yìí ni ó ń fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní púpọ̀ nínú omi tí wọ́n ń mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó bá ń tún igbó náà gbìn, ètò omi ìlú gan-an ni ó ń ṣe.

Èyí tó kù nínú igbó náà kò pọ̀. Àwọn ará Pọtogí ni ó tú ewúrẹ́ sílẹ̀ níbí kí àwọn atukọ̀ tó bá ń kọjá lè rí ẹran jẹ, ewúrẹ́ náà sì bí sí i títí tí wọ́n fi jẹ igi kéékèèké tó ń hù tán. Èyí tí ewúrẹ́ fi sílẹ̀, àwọn ènìyàn gé e dáná. Lẹ́yìn ìyẹn ni flax dé láti New Zealand, ewéko tí wọ́n fi ń ṣe okùn. Ọdún 1907 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀, wọ́n sì gbin ín bo ọ̀pọ̀ òkè. Okùn yìí ni ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ń di lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n yí sí okùn oníke, owó tán, ilé-iṣẹ́ tó kẹ́yìn sì ti ìlẹ̀kùn ní 1966. Ṣùgbọ́n flax kò lọ síbì kankan. Ó ṣì bo ẹ̀gbẹ́ òkè lọ súà, a sì rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi àdá gé e díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń gbin igi àtilẹ̀wá sí ipò rẹ̀.

Àwọn igi àtilẹ̀wá náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo rí ní erékùṣù yìí, nítorí pé àwọn nìkan ni ọkọ̀ kò gbé wá. Afẹ́fẹ́, omi tàbí ẹyẹ ni ó gbé irúgbìn wọn dé kí ènìyàn tó débẹ̀, wọ́n sì yí padà láti ìgbà dé ìgbà títí tí wọ́n fi di ohun tí kò sí níbòmíràn. Tree fern wà, tí igi rẹ̀ dúdú, tí ewé rẹ̀ sì tẹ́ bí agboòrùn sórí ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n ń pè ní cabbage tree náà wà: ìdílé òdòdó sunflower ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n níbí yìí, tí kò sí igi ńlá tó bá wọn du ilẹ̀, wọ́n dàgbà di igi. Àwọn mìíràn kò pẹ́ tó. Igi olive ti Saint Helena ti parẹ́ láyé; èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ kú ní 2003. Wọ́n ti ka ebony ibẹ̀ náà sí ohun tó ti tán, títí di 1980, tí ọmọ erékùṣù kan tó ń jẹ́ George Benjamin rí igi méjì péré lára bèbè òkè. Ara àwọn méjì náà ni wọ́n ti gé ẹ̀ka tí wọ́n fi gbin gbogbo èyí tó wà lónìí.

Lórí ṣóńṣó òkè, a rí àpótí kékeré kan tí wọ́n fi ìwé àti òǹtẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ó wà káàkiri erékùṣù náà tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà ní òpin wọn. A kọ orúkọ wa, a lu òǹtẹ̀ sínú ìwé wa, a sì dúró kí ìkùukùu ṣí díẹ̀. Nígbà tó ṣí, òkun ni a rí yí wa ká.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

A lọ sí Rupert's Valley, àfonífojì tó kángun sí ti Jamestown. Àwọn kan nínú wa rò pé kò sí ohun tí a fẹ́ wò níbẹ̀, wọ́n sì dúró sẹ́yìn. Lóòótọ́, ojú kì í tètè rí ohun kankan: àgbá epo ńlá, ilé tí iná mànàmáná ti ń wá, èbúté tí ọkọ̀ ẹrù ń gúnlẹ̀ sí, ilẹ̀ gbígbẹ, òkúta pupa. Bẹ́ẹ̀, kò sí ibi kan lórí erékùṣù yìí tó tó o fún ọmọ Áfíríkà.

Ní 1840, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ ní Saint Helena láti máa dá ẹjọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrú tí àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn bá mú lórí Àtìláńtíìkì. Bí wọ́n bá ti mú ọkọ̀ kan, ibí ni wọ́n ń fà á wá pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, àwọn ènìyàn bíi 27,000 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ yìí. Wọ́n ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n ebi, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ìgbóná ti bá wọn jìnnà kí wọ́n tó dé. Nǹkan bí 8,000 nínú wọn ni ó kú, tí wọ́n sì sin sí àfonífojì yìí. Àwọn tó yè ni wọ́n tún kó sínú ọkọ̀ mìíràn, tí wọ́n kó púpọ̀ wọn lọ sí Jàmáíkà, Trinidad àti Guyana láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀; díẹ̀ péré ni ó dúró.

Àwa ọmọ Yorùbá mọ ìtàn tó jọ èyí. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e sọ̀ sí Freetown, níbi tó ti rí ilé ẹ̀kọ́, tó rí àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀, tó sì ti ibẹ̀ padà sílé nígbẹ̀yìn. Àwọn tí wọ́n gbé wá sí Rupert's Valley kò rí irú ààyè bẹ́ẹ̀. Àfonífojì tí kò ní igi, tí kò ní omi tó, ni wọ́n kó wọn sí, nínú àgọ́, lórí erékùṣù tí wọn kò lè ti ibẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ síbì kankan.

Iṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú ni ó jẹ́ kí ayé tún gbúròó wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà láti Rupert's lọ sí ibi tí wọn yóò kọ́ pápákọ̀ náà sí, àwọn awalẹ̀pìtàn wa ilẹ̀ ní 2007 àti 2008, wọ́n sì kan òkú 325. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Wọ́n ti tò wọ́n sínú kòtò pọ̀, díẹ̀ ni ó ní pósí. Síbẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn àwọn kan, ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ àwọn kan, eyín àwọn mìíràn sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin rẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ wọn. Èyí ni ó mú mi dúró pẹ́ jù. Gbogbo ohun tí a lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣì wọ ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹnì kan nílé so mọ́ ọn lọ́rùn títí dé ibojì. Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ṣe lára díẹ̀ nínú àwọn egungun náà fi hàn pé agbègbè tó wà láàárín Gabon àti àríwá Àngólà ni ó jọ pé wọ́n ti wá. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Jamestown ni egungun wọn wà fún ọdún púpọ̀, títí di 2022 tí wọ́n fi tún wọn sin sí Rupert's Valley.

Nígbà tí mo wo ọdún wọ̀nyí pọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wá dùn mí jù. Ní 1840 kan náà ni wọ́n gbé òkú Napoleon kúrò níbí pẹ̀lú ìró ìbọn àgbá, tí wọ́n sì ń gbé àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn wọlé. Ìjà lórí bí wọn yóò ti kọ orúkọ rẹ̀ ni ó fi òkúta rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Ní ti àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè orúkọ wọn kí wọ́n tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí Longwood ní àmì tó tọ́ka sí i láti ibi púpọ̀. Èrò mi ni pé ó yẹ kí àmì tó lọ sí Rupert's Valley pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ó sì tóbi jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ikán nìyí. Nígbà tí wọ́n bá ti dá ẹjọ́ ọkọ̀ ẹrú kan tán, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sì ta pákó rẹ̀. Nínú pákó ọkọ̀ kan tó ti Bùràsíìlì wá ní 1840 ni ikán wà. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti jẹ òrùlé, ilẹ̀kùn, ìwé ilé ìkàwé, àti ọ̀pọ̀ ilé ní Jamestown, tó fi jẹ́ pé wọ́n ní láti tún púpọ̀ nínú ìlú náà kọ́. Ohun tí òwò ẹrú gbé wá kò mọ sí inú àfonífojì kan ṣoṣo.

Ọjọ́rú

A bá àwọn ọlọ́kọ̀ ìlú tó ní ìwé àṣẹ jáde sórí omi láàárọ̀, nítorí pé àsìkò yìí ni ẹja whale shark máa ń wá sí etí erékùṣù náà. Ọ̀kan wá sí abẹ́ ọkọ̀ wa, ó gùn ju ọkọ̀ náà lọ, àmì funfun tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì fi wá ṣe ohunkóhun. Àwọn nǹkan kéékèèké inú omi ni oúnjẹ rẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, a kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́nà, gbogbo wa ni a sì pa á mọ́. Lójú ọ̀nà padà, agbo ẹja dọ́fíìnì ńlá kan sáré tẹ̀ lé wa.

A dúró ní Lemon Valley, ibi tí omi rẹ̀ mọ́ jù nínú gbogbo ibi tí a ti wẹ̀. Àwọn ògiri òkúta àtijọ́ wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Níbẹ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú sí, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Rupert's. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí a tó bọ́ sómi, nítorí pé n kò rò pé ó yẹ kí ènìyàn wẹ̀ níbẹ̀ láìmọ̀.

Ọjọ́bọ̀

A gba ìwé àṣẹ ìjáde lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ èbúté, a sì ra tòmátì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin àti ẹja túnà tútù. Pọ́n-ùn ti Saint Helena ni wọ́n fi ṣẹ́ owó padà fún wa. Iye kan náà ni òun àti pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n a kò ní rí i ná ní ibi tó pọ̀ níwájú, nítorí náà a fi èyí tó kù lọ́wọ́ wa ra kọfí. Irú kọfí náà ti Yemen wá ní 1733, wọ́n sì ṣì ń gbìn ín lórí òkè. Bàbá tó wà wá kiri wá sí èbúté láti kí wa. Wọ́n bi mí ibi tí mo fẹ́ràn jù, mo ní Rupert's. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ìyá ìyá àwọn máa ń sọ pé láti ibẹ̀ ni àwọn ẹbí kan nínú ìlú ti wá, ṣùgbọ́n pé kò sí ẹni tó máa ń sọ ọ́ sókè nígbà náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn.

Lọ́sàn-án ni a tú okùn kúrò lára àgbá, a sì na ìgbòkun ńlá. Afẹ́fẹ́ ṣì wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn, ó sì dúró ṣinṣin. A kọrí ọkọ̀ sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn, sí Ascension, tó jìnnà tó nǹkan bí 1,300 kìlómítà, ọ̀gá wa sì pín àsìkò ìṣọ́ alẹ́ fún wa.